Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Ará Tafo Kí Wọ́n Fi Ìdí Alùpùpù Mi Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi òógùn ojú ra nǹkan kan rí, tí gbogbo àdúgbò sì sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ lé e lórí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi, nítorí wọ́n ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ táyà pa mí ní Tafo. Kì í ṣe Tafo ti Akyem tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí kòkó o. Ìbá ṣe pé ibẹ̀ ni mò ń gbé, bóyá àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ì bá gbà mí sílẹ̀, nítorí àwọn yẹn máa ń ka ohun tí wọ́n bá kọ sára nǹkan. Tafo ti Kumasi ni tèmi, lójú ọ̀nà Mampong, níbi tí èèyàn ò ti lè sá aṣọ kan ṣoṣo sórí okùn kí aládùúgbò má sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ò bá a lára mu.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo ní alùpùpù. Páwà-báìkì ni, Honda CBR600RR, tòkunbọ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi dé Tema. Mo fẹ́ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn! Mi ò jalè, mi ò gba ìyàwó oníyàwó, táyà ẹ̀yìn ni mo ní kí n pààrọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn ṣe dìde sí mi, ẹ máa rò pé mo fẹ́ ta ilẹ̀ ọba ni.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe alùpùpù yìí ò fi mí sínú òkùnkùn. Wọ́n lẹ sítíkà kékeré kan mọ́ ọn lára, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete: táyà iwájú, 120/70ZR17, atẹ́gùn 36, táyà ẹ̀yìn, 180/55ZR17, atẹ́gùn 42. Ara ríìmù náà ò dákẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5.50. Kí ló tún kù? Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí? Ó kù o! Nítorí ẹni tó gun alùpùpù yìí ṣáájú mi lókè òkun, ẹni tí mi ò fojú kàn rí, tí mi ò sì ṣẹ̀, ti yọ táyà tó bá a dé ayé kúrò, ó ti fi 190/50 rọ́pò rẹ̀. Ta ló rán an níṣẹ́? Ní báyìí, bí mo bá fi sítíkà han ẹnikẹ́ni, kò ní wo sítíkà, táyà ni yóò wò, yóò wá ní, "Ọ̀gá, ṣebí 190 ló wà níbẹ̀ yìí, 190 náà ni ká rà." Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ di irọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀ di òfin!

Ẹ jẹ́ kí n ka nọ́ńbà yìí fún yín, nítorí nínú ilé tèmi kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. 180 ni ìbú táyà ní mílímítà. 55 kì í ṣe mílímítà o, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa ń bá mi jà. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ṣírò rẹ̀, mílímítà 99 ni. Z ń sọ pé táyà náà lè gba eré tó ju kìlómítà 240 lọ ní wákàtí kan. R ń sọ pé okùn inú rẹ̀ gba ọ̀nà tààrà láti etí kan bọ́ sí èkejì. 17 ni ti ríìmù, láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ní ínṣì. Bí ẹ bá tún rí 73 lẹ́yìn ìyẹn, kìlógíráàmù 365 ni ẹrù tó lè gbé. Ẹ ò rí i? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kà á fún àgbàlagbà ní Tafo, yóò rọra sún sẹ́yìn, yóò rò pé ẹ fẹ́ fi ọfọ̀ mú òun.

Ẹ máa bi mí pé báwo ni táyà tó wà níbẹ̀ ṣe jẹ tán. Ẹ má bi mí! Ó dáa, ẹ ti bi mí ná, màá sọ. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni Kumasi ń ṣe ìnáwó òkú, ẹ sì mọ̀ pé itẹ́ òkú ńlá kan wà ní Tafo níbí, nítorí náà Sátidé wo ni aláṣọ dúdú àti aláṣọ pupa ò ní gba iwájú ilé wa kọjá? Mi ò bínú sí ìyẹn, kò sẹ́ni tí ò ní kú. Ṣùgbọ́n ayé ti wá di ayé alùpùpù, bí olóògbé bá jẹ́ ọ̀dọ́, tàbí tó jẹ́ pé ó fẹ́ràn alùpùpù, tàbí tó kàn jẹ́ pé alùpùpù ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá rí, àwọn ọmọkùnrin á kó báìkì jáde, wọ́n á fún búrẹ́ẹ̀kì iwájú pinpin, wọ́n á máa fa iná, táyà ẹ̀yìn á máa pòòyì lójú kan, èéfín á gba ojú ọ̀run, rọ́bà á máa jóná, àwọn olókùú á máa pàtẹ́wọ́, ẹni tí wọ́n ń sin ò sì gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún Iléyá, tí kì í ṣe ìtúnu ààwẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ yá mi ní báìkì, mo fẹ́ fi sin ọ̀rẹ́ mi dé ibojì ni." Ta ló lè kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn? Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní ẹ wo Alátà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá, wọ́n á ní Alátà ò láàánú òkú. Mo yá a. Nígbà tí báìkì máa padà dé, àárín táyà ẹ̀yìn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà ojú rẹ̀ ti wábi gbà, ó ti pá, ó ń dán! Bẹ́ẹ̀ mi ò mọ olóògbé yẹn rí o! A ò jọ jẹun rí, mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, táyà mi sì bá a lọ sọ́run, kò sì sí ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí wọn tó wá kí mi kú àdánù.

Ni mo bá gba Suame Magazine lọ. Ìlú àwọn fítà ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Ghana, ibi tí wọ́n ti lè tú odidi ọkọ̀ akẹ́rù palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà láìwo ìwé. Mo ní ibẹ̀ ni ìtura wà. Ìtura kẹ̀! Olùtajà àkọ́kọ́ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo ní 180/55... Ó ní, ẹsẹ̀ 17 ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́... Ó ti wọlé lọ. Ó gbé 3.00-17 jáde, táyà alùpùpù kékeré tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì kiri. Mo ní ọ̀gá, èyí kọ́. Ó ní, "Me nua, 17 ni 17." Ẹ gbà mí o! Òótọ́ ni pé alùpùpù kékeré púpọ̀ ló ń lo ríìmù 17, tèmi náà 17, èṣù ló kó wa pọ̀, ṣùgbọ́n 3.00 yẹn, ínṣì 3 ni ìbú rẹ̀, kò ju nǹkan bí mílímítà 76 lọ, ẹ bá mi yọ 76 kúrò nínú 180! Ó ní ṣé nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo, òun á fi túùbù ńlá sí i, táyà á wú. Mo ní túùbù wo? Táyà páwà-báìkì kì í lo túùbù. Ó wò mí tàánútàánú, ó bi ẹni tó jókòó tì í ní èdè Twi bóyá ara mi yá. Aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà gbé táyà aboboyaa wá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ru yanrìn, ó ní èyí máa lálòpẹ́. Ọ̀rọ̀ ti aboboyaa yẹn, mi ò ní sọ ọ́ síwájú, dókítà ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ìṣòro mi gan-an. Aláìmọ̀kan ò ṣòro í bá gbé. Ẹni tó mọ díẹ̀ ló ń pani! Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan páwà-báìkì ní pàtó, mo dárúkọ 180/55, gbogbo wọn fẹ́ ẹnu jù sílẹ̀. "180? Fún báìkì tó dáa báyìí?" Wọ́n ní kí n fi 190 sí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní rárá o, 200. Wọ́n ń gbé e lọ sókè bíi pé ọjà ni wọ́n ń tà ní gbàǹjo! Wọ́n ní ìdí báìkì mi á kún, wọ́n ní àwọn ọmọge á máa wò ó, wọ́n fi ọwọ́ ya ìdí náà sínú afẹ́fẹ́ fún mi, ìdí ńlá, ìdí rọ̀bọ̀tọ̀, ojú sì ń tì mí torí Alhájì àdúgbò wa ń kọjá lọ. Ṣé ìdí ni mo bá wá ni? Táyà ni mo bá wá!

Ẹ̀yin tí orí yín pé, ẹ gbọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́. Ríìmù mi jẹ́ ínṣì 5.50, ìyẹn nǹkan bí mílímítà 140. 180 ni wọ́n wọ̀n fún un. Ẹ fojú inú wo bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 4 tí ẹnìkan mú mátírẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fi tipátipá rún un mọ́ àárín igi méjèèjì: àárín mátírẹ́ẹ̀sì á yọ gọngọ sókè, ẹni tó bá sùn lé e á yí ṣubú. Ohun tí 190 ń ṣe lórí ríìmù 5.50 nìyẹn. Ríìmù á fún un lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ á ṣóńṣó, fífẹ̀ tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó ò ní kanlẹ̀ bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá dà á sí kọ́nà. Ríìmù 6.00 ni wọ́n wọ̀n 190 fún. Àwọn ilé iṣẹ́ táyà kan gbà kí wọ́n fi sórí 5.50, mo mọ̀, ẹ má tíì dá mi lóhùn, gbígbà ni wọ́n gbà, wọn ò sọ pé ó dára jù. Àwọn alùpùpù tó ni 190 wà: Yamaha R1, Suzuki GSX-R1000, Hayabusa, àwọn baba ńlá, ríìmù tiwọn jẹ́ 6.00. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé Hayabusa ni mo gùn wá?

Ibi tí ó ti dùn mí jù kò tíì dé. Ẹ̀gbẹ́ 180/55 ga ní mílímítà 99, ẹ ti gbọ́. Ẹ wá ṣírò ti 190/50 tí wọ́n ń pè ní ńlá: ìdajì 190 ni, 95! Ó kúrú ju tèmi lọ ní mílímítà 4! Ìdí báìkì tí wọ́n ní ó máa gbé sókè, ńṣe ló máa wálẹ̀, báìkì á sì máa lọ́ra láti dà sí kọ́nà. Bí ẹ bá sì gbé 190/55, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á di 104.5, ìdí á gòkè, orí á dorí kodò, gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ará Japan jókòó wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún á dàrú nítorí kí ọmọge kan tí a ò mọ̀ lè bojú wẹ̀yìn ní Krofrom. Mo sọ èyí fún wọn, mo fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù hàn wọ́n, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Ɛnyɛ hwee." Kò sí nǹkan kan. Gbogbo ìyà tó ti jẹ mí ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi tútù gan-an dá sí i. Ó gbé ọpọ́n rẹ̀ kalẹ̀, kí àlàyé lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ní táyà Marc Márquez, ọ̀gá nínú eré ìje alùpùpù, fẹ̀ ju tèmi lọ. Márquez! Ṣé Márquez ti gba Tafo lọ sí Pankrono rí lẹ́yìn òjò? Láti 2016 ni Michelin ti ń kó táyà fún gbogbo àwọn tó ń sáré MotoGP, wọn kì í ná an lọ́jà, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn pé 17 ni 17, bí wọ́n bá fẹ́ gùn ún, wọ́n á fi aṣọ oníná wé e kó lè gbóná kó tó jáde. Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀ fún táyà! Èmi tí mo bí ọmọ, mi ò rí aṣọ ọdún rà fún wọn.

Nígbà tó yá, mo bá ọmọ ìlú wa pàdé, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ gidi, ó ń ta táyà. Ó ní 180/55 wà. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó gbé e jáde, ó ń dán yinrinyinrin, ó ní tuntun ni, kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí. Mo ní kí n wo lẹ́tà DOT lára rẹ̀, nítorí nọ́ńbà 4 tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí táyà, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Mo bá 2211. Ọ̀sẹ̀ 22, ọdún 2011! Mo ní, "Àbúrò, táyà yìí ju Ràmọ́tà ọmọ mi lọ." Ó ní kì í ṣe ọdún, nọ́ńbà fóònù ilé iṣẹ́ ni. Mo ní nọ́ńbà fóònù mẹ́rin péré? Ó ní fóònù àtijọ́ ni. Ẹ wo ọgbọ́n! Mo sọ fún un pé rọ́bà máa ń gbẹ, ó máa ń le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń sán wẹ́wẹ́, kì í di ọ̀dà mú mọ́, pé Michelin fúnra wọn ní táyà tó bá ti pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n yọ ọ́, ì báà má tíì jẹ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Ó pa òwe fún mi! Ó fẹ́ kí n fi òwe da báìkì sí kọ́nà! Ẹni tó jẹ́ ará ilé ló tún ń ṣe mí báyìí, kí ni kí n wá retí lọ́wọ́ àjèjì?

Kí ló tilẹ̀ dé tí táyà fi di góòlù? Wọ́n ń gbin igi rọ́bà ní ìwọ̀ oòrùn Ghana, Nigeria náà ní oko rọ́bà, oje igi wa ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Michelin ti ilé iṣẹ́ tó ní ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, àwa wá ń dúró sí Tema, à ń wo ojú òkun. Bí mo bá ro ó títí, John Boyd Dunlop fúnra rẹ̀ ni mo ń bínú sí. Dókítà ẹranko ni ní Belfast, iṣẹ́ rere lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan lọ̀ ọ́, ní 1887 ó ní òun fẹ́ fi rọ́bà elétẹ́gùn sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ òun kó lè máa tura. Ìbá gbájú mọ́ màlúù rẹ̀!

Mo délé, ìyàwó mi gbọ́ iye owó. "Bàbá Ràmọ́tà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ń wí yìí àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Mo ní alùpùpù ò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó dákẹ́, ó ń ro ó, mo sì ń retí pé yóò bá mi kẹ́dùn, ó wá ní, "Bí ẹ bá máa ná owó tó tó báyìí, ẹ kúkú ra èyí tó tóbi." Yéè! Nínú yàrá mi! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á ra á ní Ládípọ̀, òun á fi ránṣẹ́. Táyà náà á wá ti Sẹ̀mẹ̀ kọjá, á ti Hillacondji kọjá, á tún ti Aflao kọjá, ẹnubodè mẹ́ta, níbi kọ̀ọ̀kan wọ́n á bi í léèrè ohun tó ń wá, nígbà tó bá fi máa dé Kumasi, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti bá ti ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ yẹn dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi sì tún fi kún un kó tó pa fóònù pé ṣé kí òun wá 190 ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbè mí ní gbogbo Tafo, ìyẹn Alhájì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì kí mi kú oríire. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán, mo ní, "Bàbá, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí." Wọ́n ní 180 ni mo gbọ́dọ̀ rà, láìsí àní-àní. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn. Wọ́n ní ìdí ni pé ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pa àṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀kẹ́ Raleigh kan wà lọ́wọ́ àwọn, táyà rẹ̀ jẹ́ 28 × 1½, 28 × 1½ ló sì jẹ́ títí àwọn fi kó lọ, 28 × 1½ náà ló jẹ́ nígbà tí àwọn padà dé, ẹnikẹ́ni ò dábàá 28 × 2. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn tó sùn sí ibùdókọ̀, ti ọjà tí wọ́n ta ní ọ̀pọ̀, ti ọ̀rẹ́ wọn tó fi ilé sílẹ̀ tí kò padà bá a. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ọ̀rọ̀ tó ń dun èèyàn dé eegun ni, ta ló fẹ́ dìde lórí rẹ̀? Mi ò dìde. Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe mí bíi kí n má dárúkọ táyà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìrun Ìrọ̀lẹ́ bá wa níbẹ̀, wọn ò sì tíì kúrò ní oṣù kejìlá 1969.

Táyà dé níkẹyìn. Bọ́ọ̀sì gbé e wá láti Accra, 180/55ZR17, tuntun gidi, mo ka DOT rẹ̀ lábẹ́ iná fóònù, mo tún un kà. Ó ku ẹni tí yóò fi sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́kanáísà! Ó gbé irin gígùn méjì jáde, irin tó ti bá ọkọ̀ akẹ́rù jà, ó tì í bọ etí ríìmù mi, ríìmù tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n kùn, ó fi agbára yí i. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ikùn mi! Mo ní ọ̀gá, ẹ wá nǹkan tẹ́ irin yẹn, ó ní ẹni ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ lòun. Ó fi táyà sí i, ó ṣe tán, ó ń nu ọwọ́, mo wò ó, ọfà kékeré tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà láti fi hàn ibi tó yẹ kó máa yí sí, ọfà yẹn kọjú sẹ́yìn. Mo ní ọfà ń wo ẹ̀yìn. Ó ní táyà rogodo ni, kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó yọ ọ́, ó gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì tún ha ríìmù ní ẹ̀gbẹ́ kejì kí méjèèjì lè bára mu. Ó ku atẹ́gùn. Mo ní 42. Ó ní ṣé alùpùpù ni àbí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì? Kò wo géèjì, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà, ó ní ó ti tó. Mo fi géèjì tèmi wò ó, 28! Nígbà tí mo máa fi rí 42 gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, èrò ti yí wa ká, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù fún mi.

Ẹ rò pé ó tán. Ó ṣì kù! Táyà tuntun máa ń yọ̀, ojú rẹ̀ ń dán láti inú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é, bíi kìlómítà 160 àkọ́kọ́, rírọra ni wọ́n ń rọra gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ sí kọ́nà, kí ẹnikẹ́ni má fa iná lójijì. Ẹni tó bá mọ nǹkan á mọ èyí. Mo ń rọra lọ. Pragya yà mí sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó èrò, tí ìyá arúgbó méjì àti àpò gbàgùúdá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ya páwà-báìkì sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sì juwọ́ sí mi! Ọlọ́kadà kan dẹsẹ̀ dúró, ó bi mí bóyá epo ló tán. Àbúrò mi tó fi táyà mi sin òkú rí mi ní iwájú ilé ìwòsàn Tafo, ó tijú, ó ṣe bíi pé òun ò mọ̀ mí. Òun!

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó gba àdúgbò ni pé báìkì mi ti rù. Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n ní ìdí rẹ̀ ò tó bó ṣe wà mọ́, ṣé kò sí nǹkan kan? Mílímítà 10 péré, ojú wọn rí i! Ojú tí kò rí òjò tó ń jò sínú yàrá wa láti èṣí! Wọ́n sọ ọ́ ní ọjà, ọjà sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó sì dé etí àna mi ní Asawase pé nǹkan ò rọgbọ fún mi mọ́, pé mo ti ta táyà ńlá jẹ, mo ra tẹ́ẹ́rẹ́. Àna mi rán ìrẹsì sí wa. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní bí ọrùn bá ń wọ̀ mí, kí n má tijú, wọ́n lè fi orúkọ mi sí iwájú nínú àjọ oṣù yìí. Ìyàwó mi ń gba ìrẹsì náà wọlé, kò bá mi tú irọ́ náà fó, ó ní ìrẹsì dáa.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá bá mi kẹ́dùn, ilé wa kò ṣòro í mọ̀, kó má mú ìmọ̀ràn kankan dání, kó má dárúkọ 190, owó ni kó mú wá, nítorí mo ṣì jẹ ẹni tó bá mi kun ríìmù.